Ẹni Tó Ń Kan Ògiri Ilé Rẹ̀

...àbí kí n sọ pé ó sọnù? Kí n ní mi ò rí láísẹ́ńsì ìwakọ̀ tí mo gbà nílé, ní Wilmington, mọ́, nígbà tó wà nínú àpò mi níbí, tí mo ń fi àtàǹpàkò pa á lára. Wọ́n á lu ihò sí i lójú mi ni, kó má ṣiṣẹ́ mọ́, kí wọ́n tó fún mi ní ti ibí. Eloy ti sọ fún mi. Eloy, ọ̀gá àwa kápẹ́ńtà, kì í purọ́.

Mo jókòó sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì New Mexico, nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọgọ́ta... mo ṣì lè dìde kí n máa lọ.

Èmi kọ́ ni mo fi ilé sílẹ̀. Iṣẹ́ ló fi mí sílẹ̀. Ọdún tí ìjọba ilé wa ní àwọn ò dín owó orí kù fún àwọn tó ń ṣe fíìmù mọ́, kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí gbogbo wọn fi palẹ̀ mọ́. New Mexico ní kí wọ́n máa bọ̀, àwọn á dá díẹ̀ padà fún wọn nínú owó tí wọ́n bá ná, pàápàá èyí tí wọ́n bá san fún ọmọ ìlú. Ọmọ ìlú — ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Eloy ní, "Harlan, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dáa, àmọ́ láísẹ́ńsì ni wọ́n ń wò. Tó bá di Fúráídè tí o ò tíì di ara ibí, ẹlòmíì ni mo máa mú."

Oṣù méjì ni mo sọ fún Nadine ìyàwó mi pé mo máa lò níbí. Ọdún méjì rèé. Èmi àti yàrá kan, èmi àti eruku. Kò sí òkun. Tí a bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ mi títí di àárọ̀... ó ń dùn mí, kí n má purọ́.

Ìbéèrè kan ló kù nínú fọ́ọ̀mù yìí. Ṣé ibí lẹ fẹ́ máa gbé lọ? Mo di ojú kí n lè rí ilé mi. Iwájú rẹ̀ ni mo rí: àtẹ̀gùn, fèrèsé, ọ̀dà funfun. Mo fẹ́ wọlé — kò sí inú. Irú èyí tí mò ń kàn fún wọn níbi iṣẹ́, tó jẹ́ pé igi la fi ń tì í lẹ́yìn kó má wó.

Ìyẹn ló fà á tí ọwọ́ mi kì í fi í gbélé. Gbogbo àwa kápẹ́ńtà fíìmù la ní in: ibikíbi tí a bá wọ̀, a ó fi ìka kan ògiri, ká mọ̀ bóyá ti gidi ni tàbí tiwa. Kérésì tó kọjá tí mo lọ sílé, mo wọ kíṣìnnì wa, mo kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Nadine ń dín edé. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Wọlé, Harlan. Kò sẹ́ni tó tìlẹ̀kùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni...

Kò bá mi ṣeré. Àlejò ló ń kàn kó tó wọlé.

Wọ́n ti pe mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo dìde, láísẹ́ńsì náà wà lọ́wọ́ mi, ó ti gbóná. Kí wọ́n lu ihò tí wọ́n fẹ́ lù. Nadine ti mọ̀ láti Kérésì. Èmi nìkan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀.