Hóró Funfun Inú Agolo Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n agolo abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí ọkàn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú, ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń sùn kí wọ́n tó lè mí. Dókítà kékeré kan tí à ń pè ní Oníbàtà-Rọ́bà kọ oògùn tí í mú kí ọkàn rọra lù fún wọn.

"Ìlàjì hóró láàárọ̀, ìlàjì lálẹ́. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa fi kún un. Ó lè kọ́kọ́ rẹ̀ yín, mà, ẹ fara dà á."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Nílé ẹ̀kọ́ wa láyé àtijọ́, yíǹkì pupa la fi kọ ọ́: ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti ń ṣàárẹ̀, oògùn yìí kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ta ní í so ẹsẹ̀ ẹni tó ń tiro? Ọmọ àná fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́!

Èmi ni mò ń to oògùn fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa ń yọ hóró funfun yẹn, màá jù ú sínú agolo abẹ́rẹ́ mi.

"Nọ́ọ̀sì wa, ṣé wọ́n ń lò ó?"

"Déédéé, dókítà."

Ó gbà mí gbọ́. Ìlàjì di odidi, odidi di méjì. Nígbà kan, ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, ó mi orí: "Ó yà mí lẹ́nu pé ọkàn ṣì ń sáré báyìí." Mo gbójú sókè, mò ń wo àjà.

Ni ọmọ mi bá bímọ, mo sì rìnrìn àjò. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, bíríkìlà tí kì í fi òṣùwọ̀n ṣeré, ka ohun tí dókítà kọ sára páálí oògùn, wọ́n sì ń fún ìyàwó wọn ní méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ọkàn tí kò tíì tọ́ ìlàjì wò rí! Nígbà tí mo dé, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró wọn.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni Oníbàtà-Rọ́bà ń wí. "Èmi ni mo yára fi kún un. Mi ò ní fún wọn mọ́. Bóyá ni màá tún fún ẹlòmíì."

"Àbí èmi ni mo ṣì í kà?" ni bíríkìlà ń bi í.

Ọkùnrin méjì ń du ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi.

Mo lọ sílé, mo gbé agolo náà wá, mo dà á sórí tábìlì dókítà. "Èyí tí ẹ ní kí wọ́n lò rèé. Kò kan ẹnu wọn rí."

Ó ń fi ìka ṣa abẹ́rẹ́ kúrò láàárín oògùn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó gbá mi létí ni, ìbá sàn.

Nígbà tí omi fà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlàjì. Kí ọdún tó yí, ìrọ̀rí kan ti tó ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi náà ni kí n ṣì máa to oògùn. Láràárọ̀, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́: "Nọ́ọ̀sì, kà á sókè." Ọkọ wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi àgbà nọ́ọ̀sì á máa kà bí ọmọ jẹ́léósinmi: "Ení. Èjì. Funfun náà nìyí."

Wọ́n á gbé e mì, wọ́n á wá la ẹnu kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò lè wò ó.