Ìrẹ̀ Inú Àpótí

Nígbà tí a gbé Màmá dé láti ilé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti fúyẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń gbé wọn sórí ibùsùn. Oúnjẹ ò wù wọ́n. Wọ́n ní ẹran ń rí àwọn lára, ẹyin ń rùn sí àwọn. Dókítà sì ti ní tí wọn ò bá rí amúaradàgbà jẹ, ojú ọgbẹ́ ò ní jiná, wọn ò sì ní lè dìde mọ́.

Èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Aránṣọ ni mí. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, mò ń ránṣọ, mò ń bínú. Àbúrò mi ọkùnrin ni mò ń bínú sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, èèyàn lè sọ òkò láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó bà lé òrùlé wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Á ní, "Ṣé wọ́n jí ire?" Tí mo bá ti ní wọ́n jí ire, á yíjú padà. Gbogbo àdúgbò ló ń kan àga fún, òun fúnra rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ìyá ẹni.

Ọjọ́ tó gbọ́ ohun tí dókítà wí, ó lọ, ó padà dé pẹ̀lú àpótí onígi méjì tó fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú wọn, ó gbé wọn sí yàrá ẹ̀yìn. Ìrẹ̀ ló kún inú wọn, tí ń rá pálá láàárín páálí ẹyin.

"Kí lèyí?" ni mo bi í.

"Amúaradàgbà ni, Àǹtí mi. Àwọn èèyàn ń sìn ín báyìí. Ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀ pẹ̀lú."

"O fẹ́ fi kòkòrò bọ́ ìyá rẹ?"

"Ṣé wọ́n ń jẹ èyí tẹ́ ẹ̀ ń sè?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí òótọ́ ni. Ó yan ìrẹ̀ títí ó fi gbẹ, ó já ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ dànù, ó lọ ìyókù kúnná, ó sì bù ú sínú ọbẹ̀. Ó mú ṣíbí, ó jókòó. Mo dá ẹ̀rọ dúró. Màmá la ẹnu.

Báyìí la ṣe wọ àsìkò kan tí mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Nírọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí gbogbo yàrá pọ́n, ìrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ orin lẹ́yìn ògiri. Orin náà á wọnú aṣọ tí mò ń rán, á wọnú ìrọ̀rí Màmá, títí mi ò fi ní mọ̀ bóyá mo jí tàbí mò ń tòògbé. Màmá á máa sọ̀rọ̀ lójú oorun. Wọ́n ní àwọn wà nínú pápá tí koríko rẹ̀ ga ju àwọn lọ, gbogbo koríko ń kí àwọn, ọmọ kékeré kan sì di àwọn lọ́wọ́ mú. Tí wọ́n bá lajú, àbúrò mi ni wọ́n máa rí, pẹ̀lú èérún igi lórí. Wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ Bàbá wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Inú mi ń dùn, mo sì ń jowú díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ padà sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá. Wọ́n dìde, wọ́n di ògiri mú, wọ́n rìn dé ojú fèrèsé. Mo gbà fún kòkòrò.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi bu ìrẹ̀ lílọ̀ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ètè Màmá fi wú, ojú wọn náà wú, èémí wọn sì ń súfèé. Àbúrò mi pọ̀n wọ́n bí ọmọ, a sáré dé ilé ìwòsàn tó wà ní òpópónà kejì. Nọ́ọ̀sì gún wọn lábẹ́rẹ́. Nígbà tí èémí wọn rọlẹ̀, ó bi wá bóyá nǹkan kan wà tí Màmá kì í jẹ.

"Edé," ni mo wí. "Ó máa ń yún wọn lẹ́nu."

"Kí ni wọ́n jẹ lónìí?"

"Ìrẹ̀," ni àbúrò mi dáhùn.

A mọ̀ pé edé ò gbọdọ̀ wọ ilé wa. Ṣùgbọ́n inú omi ni edé ń gbé. Ta ló máa rò pé ó ní ẹbí nínú koríko?

"Ìbátan ni wọ́n," ni nọ́ọ̀sì wí. "Oúnjẹ gidi ni ìrẹ̀, ó ń fún ẹlòmíì lókun. Àmọ́ ara tó bá kọ edé lè kọ ìrẹ̀ náà. Ẹ má fún wọn jẹ mọ́. Ẹ̀wà wà, wàrà wà, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ lọ̀ wọ́n."

Nígbà tá a padà délé, àbúrò mi gbé àpótí síta, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máà bínú, Màmá. Díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ ara mi pa yín." Ó ti ń yíjú padà.

Mo kọjú sí Màmá. "Láti ìgbà wo ni ìrẹ̀ yìí ti ń yún yín lẹ́nu bí edé?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Inú bí mi. "Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mi ò jẹ', Màmá. Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

Wọn ò wò mí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò.

"Tí mo bá sọ, ibẹ̀ yẹn ló máa tún padà sí."

Àbúrò mi gbọ́. Ó wọlé, ó fa àga mọ́ ibùsùn. Kò sí àwo, kò sí ṣíbí, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Màmá mú ọwọ́ náà.