Adìẹ Kejì

"Ẹ gbé e padà! Mo ní kí ẹ gbé e padà sí Ìgbájọ! Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi apá ọmọ yín ṣe ohun tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ọmọ tèmi ṣe ni?"

Àṣàbí ló dúró gbagidi sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá Ṣàngódèyí atòegun, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dá ewúrẹ́ lọ́nà. Àwọn ọkùnrin tó gbé aláìsàn wá láti Ìgbájọ dúró sójú oòrùn, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n wọlé ni tàbí kí wọ́n yí padà. Ọmọbìnrin tí apá rẹ̀ ṣẹ́ jókòó sórí òkúta, ó gbé apá náà lé itan bí ẹni gbé ìkókó.

"Àṣàbí," Ṣàngódèyí dáhùn láti inú ilé, kò tilẹ̀ yọjú, "ṣé ẹ̀kọ tòní ti tà tán ni? Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà ló ń kiri ẹnu."

"Ó tà, Bàbá. Ó tà tán pátápátá. Ẹ̀yin ńkọ́? Eegun ta lẹ rí tò láti ìgbà tí oṣù ti lé? Bàbá, ẹ má bínú o, àgbà ni yín, mo kúnlẹ̀." Kò kúnlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ti kú. Ẹ lọ sin ín."

Àwọn èrò ìta rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní í rẹ́rìn-ín? Obìnrin tó lè fi "ẹ" bú àgbà láìfi "o" kan ṣoṣo sí i, iṣẹ́ ọnà ló ń ṣe. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún tó kọjá. Aláìsàn kankan kò lè wọ ilé náà kí ó má kọ́kọ́ gba abẹ́ ahọ́n rẹ̀ kọjá.

Ibi tí wọ́n gbé ń rẹ́rìn-ín ni Ògúntóyìn bá wọn. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó rí i: gbì, wọ́ọ́. Gbì, wọ́ọ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tẹ̀ síta lábẹ́ orúnkún bí ẹ̀rúkọ́, ó sì ń wọ́ ọ tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ẹni wọ́ ẹran àgídí. Nígbà tí wọ́n rí i, ẹ̀rín dákẹ́. Ìyẹn gan-an ló máa ń dùn ún jù. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín lọ, ì bá sàn.

Ẹni tó bá bèèrè ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn pé ta ni Ògúntóyìn, àlejò ni ní Ìlá. Adẹ́mu ni. Adẹ́mu sì pọ̀ ní Ìlá bí ọ̀pẹ ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n ẹmu tí a sọ̀ ní ìdájí ti ń kan kí oòrùn tó gun àgbọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa rìn bọ̀ láti oko, wọn a máa tàkúrọ̀sọ lójú ọ̀nà, ẹmu wọn a sì ti kan kí ó tó dé ọjà. Ògúntóyìn kì í rìn. Sísá ni í sá, agbè ní èjìká, kò sì ní í dà sílẹ̀. Àwọn tó ń mu ún ní iwájú ọjà máa ń sọ pé ẹmu Ògúntóyìn kò tíì mọ̀ pé òun ti kúrò lórí ọ̀pẹ.

Nígbà tó di ọdún tí wọ́n dé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ládé, tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú ṣe àríyá, wọ́n dá eré ìje sílẹ̀ láti ìdí ọ̀nà Ọ̀tan títí dé iwájú ààfin. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹni tó bá ṣíwájú yóò gbà. Ìlá ti gbé kẹ̀kẹ́ náà fún Ògúntóyìn lẹ́nu kí ọjọ́ tó pé. Àfi bí igbà ṣe já mọ́ ọn nídìí lórí ọ̀pẹ, tí ojúgun rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì.

Ọ̀dọ̀ Ṣàngódèyí ni wọ́n gbé e lọ. Ibòmíràn wo ni wọn ì bá gbé e lọ? Bí ìdílé ọkùnrin yìí ṣe ń tò ó láti ìran baba wọn nìyí: wọn a mú adìẹ, wọn a ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ níbi tí ti aláìsàn gbé ṣẹ́, wọn a fi òrí, ewé àti oparun wẹ́wẹ́ di ti adìẹ, wọn a di ti ènìyàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ tó fi tan ilẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n ń tú ti ènìyàn.

Adìẹ dúdú kan ni. Wọ́n so ó mọ́ èèkàn ní ọ̀kánkán ẹní Ògúntóyìn. Ògúntóyìn ń wo adìẹ, adìẹ ń wo Ògúntóyìn. Adìẹ kò sì kánjú. Ó ká ẹsẹ̀ rere sábẹ́, ó na èyí tó ṣẹ́, ó ń jẹ àgbàdo ọ̀fẹ́, ó ń tòògbé. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ eré ń sún mọ́lé. Wọ́n wá sọ fún un pé Bọ́láwùmí, eléré ìje Ọ̀tan, ń fi Ìlá ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jà pé ìlú náà kò ní ẹsẹ̀ mọ́, agbè nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn.

Ó pe Bernice ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ọmọ́tọ́lá, adìẹ dúdú bí irú èyí, ṣé a lè rí i rà ní Iresi?"

"Ẹ ti fẹ́ fi ṣe kí ni?"

"Mo fẹ́ fi sáré ni."

Bernice rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó ní òun kò ṣe. Ó ní ọmọ ìjọ ni òun, òun kò ní í fi adìẹ tan àgbàlagbà jẹ. Ìgbà náà ni Ògúntóyìn sunkún. Obìnrin náà kò rí ẹkún rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹkún ọkùnrin ṣe, ló bá lọ sí Iresi.

Nígbà tí ará ilé lọ sóko tán, ó tú oparun kúrò lẹ́sẹ̀ adìẹ ọ̀lẹ, ó dì í mọ́ ẹsẹ̀ èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó gbé ọ̀lẹ sábẹ́ ìró, ó sì lọ fi se ọbẹ̀. Ó gbé ọbẹ̀ náà wá fún ọkọ rẹ̀. Ògúntóyìn jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹsẹ̀ náà pàápàá, ó fọ́ egungun rẹ̀, ó fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣàngódèyí jáde, ó bá adìẹ tó ń tan ilẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó sọnù. Ó kígbe. Ó ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láyé baba òun. Ó tú adìẹ, adìẹ sá lọ. Ó lé e mú, ó gbé e káàkiri ọjà pé kí ayé wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun. Nígbà tó darí dé, ó tú ti Ògúntóyìn.

Ó sáré ná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé kò sá a. Bí wọ́n ṣe lu agogo, ó já wọn sílẹ̀, atẹ́gùn wọ ẹ̀wù rẹ̀, àwọn obìnrin ń ké orúkọ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dùn ún rárá. Fún ìwọ̀nba àkókò náà, kò sí ọ̀pẹ tó já a sílẹ̀ rí. Níbi tí ọ̀nà ti yà sọ́jà ni egungun náà ti sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ kí ó tó dùn ún. Bọ́láwùmí fò ó kọjá bí ẹni fo ìtí igi.

Ìtìjú kò jẹ́ kí ó padà sọ́dọ̀ Ṣàngódèyí. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, òun àti Bernice fi oparun dì í bí wọ́n ṣe rò pé wọ́n ń dì í, egungun sì so pọ̀ bó ṣe wù ú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní, "Bàbá tú u kí ó tó yá ni." Òótọ́ ni. Irọ́ ni. Gbólóhùn yẹn ni Àṣàbí gbé rù bí ọ̀kọ̀, tó fi ń jagun láti ìgbà náà.

Àwọn ọ̀pẹ rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń dá wọn. Ìdí agbada àkàrà Bernice ni ó jókòó sí, tó ń gé alùbọ́sà. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí, a bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, a ní òun ń sáré. Gbì, wọ́ọ́, gbì, wọ́ọ́, a ṣubú. A dìde, a tún ṣubú. Àwọn obìnrin tó ń lọ sódò bá a nílẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n kí i pé ẹ kú iṣẹ́, bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń ro.

Ìyẹn kọ́ ni ohun tó wá bà á nínú jẹ́. Ọmọ́tọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń kọ́ ìrìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìí gan-an, ọmọ náà fi ògiri sílẹ̀, ó sì rìn wá bá baba rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Gbì, wọ́ọ́. Gbì, wọ́ọ́. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹsẹ̀ náà. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn ni.

Ohun tó gbé Ògúntóyìn dé ẹnu ọ̀nà Ṣàngódèyí nìyẹn.

"Ìyá, ẹ dákẹ́."

"N kò dákẹ́! Ìwọ ni mo ń jà fún, o ní kí n dákẹ́?"

"Ẹ dákẹ́. Bàbá kò ṣe nǹkan kan. Adìẹ èṣí, èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀."

"Àwa méjèèjì ni," Bernice wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbé ọmọ pọ̀n tẹ̀lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ṣàngódèyí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọjú. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo ẹni tó ni ín.

"Pààrọ̀ rẹ̀ báwo?"

"A ra òmíràn ní Iresi, Bàbá. A dì í lẹ́sẹ̀."

"Tèmi ńkọ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

Ọ̀kan nínú àwọn ará Ìgbájọ bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣàngódèyí fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó díẹ̀díẹ̀.

"Adìẹ tí mo gbé yí ọjà ká," ó ní, "kò ṣẹ́ rí?"

"Kò ṣẹ́ rí, Bàbá."

"Ojú mi rí i pé ó ti yá jù. Ojú mi rí i o! Inú mi ló dùn jù, kò jẹ́ kí ojú sọ tẹnu rẹ̀." Ó nu ojú. "Ìwọ rò pé adìẹ ló ń wo ẹsẹ̀ sàn ni? Adìẹ kì í ṣe oògùn, òmùgọ̀. N kò lè rí inú ẹran ara rẹ, adìẹ ni mo fi ń wò ó. O fọ́ mi lójú, o wá ní kí n sìn ọ́ lọ́nà."

Apá tí Àṣàbí nà tẹ́lẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde, kékeré, bí ohùn ẹlòmíràn.

"O jẹ́ kí n máa bú àgbà."

"Mo jẹ́ kí ẹ máa bú wọn, Ìyá."

Ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbà fún un, ó ṣubú dípò rẹ̀, ó sì fi ibẹ̀ ṣe ìdọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ tún un ṣẹ́. Ẹ tún un tò."

Ṣàngódèyí wọ́ súnmọ́ ọn, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ níbi tó wú.

"Ó lè tọ́," ó ní. "Yóò rìn."

"Yóò sáré?"

"Mo ní yóò rìn."

"Bàbá, eré ni mo bi yín."

"Mo gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́ léraléra báyìí kì í sáré mọ́. Yóò rìn lọ sọ́jà, yóò rìn bọ̀. Ọ̀pẹ, má dé ìdí rẹ̀. Eré, o ti sá tìrẹ tán lọ́nà ààfin." Ó gbójú sókè. "Ṣé kí n ṣe é àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Ògúntóyìn wo ẹ̀yìn Bernice, níbi tí ẹsẹ̀ méjì kéékèèké ti yọ lábẹ́ ọ̀já.

"Ẹ ṣe é."

Wọ́n gbé omi gbígbóná wá, wọ́n fi òrí pa ẹsẹ̀ náà títí ó fi rọ̀. Wọ́n gbé e lé ìtí igi méjì. Àwọn ará Ìgbájọ tí Àṣàbí ń lé lọ ni wọ́n di èjìká àti itan rẹ̀ mú. Bernice sọ ọmọ kalẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin alápá ṣíṣẹ́, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ṣàngódèyí fi àkísà wé ọmọ odó tó fi ń gún ewé, ó sì nà án sí Àṣàbí.

"Èmi kẹ̀?" Àṣàbí fà sẹ́yìn. "Kí lọwọ́ yín wà fún?"

"Ọwọ́ mi yóò di eegun mú lókè àti nísàlẹ̀ kí ó má baà fọ́ síbi tí n kò rán an. Ẹlòmíràn ni yóò lù ú, ẹni náà kò sì ní í jẹ́ èmi. Bí wọ́n bá bi ọ́ lọ́la ta ló ṣẹ́ ọmọ rẹ lẹ́sẹ̀, ìwọ ni kí o dáhùn."

Ó gbà á. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Ẹ lù ú, Ìyá," ni Ògúntóyìn wí.

Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ògúntóyìn ké, ṣùgbọ́n egungun kò dún.

"Ìfẹ́ lo fi lù ú," Ṣàngódèyí wí. "Ìfẹ́ kì í ṣẹ́ egungun, ìrora lásán ló ń dá sílẹ̀. Tún un lù."

"N kò lè."

"Tún un lù, Àṣàbí!"

Ó gbé ọmọ odó náà ga ju orí rẹ̀ lọ. Omijé ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀.

"O jẹ́ kí n máa bú àgbà, Ògúntóyìn!" ó kígbe, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀, egungun náà sì dún.