Àtẹ́wọ́ Nídìí Géèmù

Àtẹ́wọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí Olútáyọ̀ lára. Géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lójú tẹlifíṣàn ni, kòkòrò tó gbẹ̀yìn nínú ogun kòkòrò tó ń já bọ́ láti òkè ti fọ́ yángá, ni Wọlé ọmọ rẹ̀ bá fò dìde lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń pàtẹ́wọ́. Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ yọjú láti kíṣìnnì, òun náà pa tirẹ̀ tòun tọṣẹ lọ́wọ́. Jẹ̀lílì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, ọkùnrin tí kì í yin ẹnikẹ́ni àfi ara rẹ̀, gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó lù wọ́n pọ̀.

"Good job, Daddy!" ni Wọlé wí.

Olútáyọ̀ rọra gbé ọ̀pá géèmù náà ka itan. Ó mọ ohùn yẹn. Òun gan-an ló ni ín.

Nọ́ọ̀sì ni Olútáyọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìtòsí Largo, lókè òkun níbi tí wọ́n ń gbé, ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí Wọlé ti wà lọ́mọ ọwọ́, ní ẹ̀ka ibi tí wọ́n kó àwọn tí iyè wọn ti rá sí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń tò wọ́n yí ká lórí àga, tí wọ́n á máa ju bàlúùnù sí wọn. Ẹni tí bàlúùnù bá sáà ti bà lára, ì báà jẹ́ imú ló fi gbá a, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Good job, Miss Dorothy! Adájọ́ àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti rán àìmọye èèyàn lọ sẹ́wọ̀n nígbà tí ayé ṣì jẹ́ ayé. Bó bá ti gbé ṣíbí dé ẹnu láìdà á nù báyìí, good job nìyẹn. Ohùn kan wà tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Ohùn náà máa ń gòkè níparí, oyin pọ̀ nínú rẹ̀, òtítọ́ ò sí níbẹ̀. Olútáyọ̀ ti lò ó débi pé etí rẹ̀ ò gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀sán Sunday yìí ló tó gbọ́ ọ, nítorí pé òun ni wọ́n ń fi bá sọ̀rọ̀.

Wọlé ló gbé géèmù náà wá nígbà ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀. Àpótí kékeré kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó gbogbo géèmù àtijọ́ sínú rẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀rọ gàgàrà tó ga ju èèyàn lọ ni wọ́n fi ń gbá wọn láyé ọjọ́un, téèyàn á dúró níwájú rẹ̀, á ju owó wẹ́wẹ́ sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ náà, Wọlé ki wáyà kan bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, ó ki èkejì bọ iná, ó fi rìmóòtù wá ojú ihò tó ki wáyà sí. Ó tún wọ inú ètò tẹlifíṣàn lọ, ó tan nǹkan kan níbẹ̀, ó ní kí géèmù lè yá ni. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́: òsì fún ọ̀pá, ọ̀tún fún bọ́tìnnì ìbọn.

Ẹ̀rín gba ẹnu Olútáyọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ yìí ò mọ ẹni tó gbé e fún! Ilé géèmù kan wà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn nígbà èwe wọn, lókè ṣọ́ọ̀bù alágogo ọwọ́, níbi tí wọ́n ti ń pe Olútáyọ̀ ní Ọwọ́ Iná. Kọ́ìnì kan ṣoṣo ni Ọwọ́ Iná máa ń jù sínú ẹ̀rọ, á sì gbá a títí onílé géèmù á fi fìbínú fa wáyà yọ lára iná. Jẹ̀lílì wà níbẹ̀. Gbogbo owó búrẹ́dì rẹ̀ ló bá ẹ̀rọ náà lọ, kò sì borí Táyọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àmọ́ ní pálọ̀ rẹ̀ ní Springdale, kòkòrò àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ ló pa Ọwọ́ Iná. Ó tún un gbá, ó tún kú. Ojú rẹ̀ ti rí ọta tó ń bọ̀, ó ti ní kí ọwọ́ òsì sún, ọwọ́ òsì wá sún nígbà tí ọ̀ràn ti bàjẹ́ tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà ti dé. Ó yà á lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Wọlé tún wá kí wọn láti Glenarden, ó jókòó sídìí àpótí náà fúngbà díẹ̀, ohun gbogbo sì yí padà. Olútáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ó yangàn níbi iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ Jẹ̀lílì láago ní Seat Pleasant pé kó wá jìyà rẹ̀ bíi ti àtijọ́.

Jẹ̀lílì náà ló wá kàn báyìí. Olútáyọ̀ ò wo tẹlifíṣàn. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Àtàǹpàkò Jẹ̀lílì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì, kò sí lórí rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ dúró gbagidi láàárín ojú tẹlifíṣàn, ó ń retí ikú. Jẹ̀lílì! Ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń ta ayò, yóò jí ọmọ ayò sábẹ́ itan kí wọ́n má baà pa á láyò!

"Ó tán," ni Jẹ̀lílì wí nígbà tó kú tán. "Ọwọ́ ẹ ṣì mú bí abẹ, Ọwọ́ Iná." Ara ògiri ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Sẹ̀gilọlá pè wọ́n sórí oúnjẹ. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ẹran màlúù. Olútáyọ̀ jókòó, ó wo àwo rẹ̀, ó wo ti àwọn yòókù. Ẹran Jẹ̀lílì tóbi, ti Wọlé náà bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. Omi kún ife àwọn yòókù, tirẹ̀ ò ju ìdajì lọ.

"Ta ló gé ẹran mi?"

"Èmi ni, Dádì Wọlé," ni Sẹ̀gilọlá dáhùn. "Kẹ́ ẹ lè tètè jẹun ni."

Ó fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ló ti gé ẹran fún àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, bó ṣe máa ń gé e gan-an nìyí. Ó tu ẹran náà sínú pépà ìnuwọ́, ó dìde. Wọlé bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní òun ń bọ̀.

Ó padà sí pálọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ bó ṣe rí i tí Wọlé ń ṣe é, ètò inú géèmù sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Easy ni wọ́n kọ síbẹ̀. Eré tí àwọn kòkòrò ń sá, wọ́n ti fà á sílẹ̀ débi tó kéré jù. Ẹ̀mí mẹ́ta tí ẹ̀rọ máa ń fún èèyàn ní Dùgbẹ̀, ogún ni wọ́n fún òun. Kò tiẹ̀ kà á rí. Ó ń kú, ó ń jí, ó rò pé òun ń borí ni.

Ara rẹ̀ ṣe gìrì, bí ìgbà téèyàn rí irun nísàlẹ̀ ọbẹ̀ tó ti jẹ tán. Ó rántí bó ṣe yangàn fáwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké níbi iṣẹ́, ojú sì tì í. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ kó wà, ó jókòó, ó gbá a. Kò pẹ́ rárá. Ariwo ikú ọkọ̀ rẹ̀ gba ilé kan, nígbà tó sì gbójú sókè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu Jẹ̀lílì.

"Ta ló yí géèmù yìí padà?"

"Daddy, èmi ni, sir," ni Wọlé wí. "I just... mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ feel bad. It's your birthday gift."

"Ìwọ ńkọ́, Jẹ̀lílì? Ta ló ní kó o dúró síbẹ̀ kí kòkòrò máa pa ẹ́?"

Jẹ̀lílì yíjú. Sẹ̀gilọlá ló wò, ó sì tètè mójú kúrò, gbogbo rẹ̀ sì yé Olútáyọ̀. Obìnrin yìí ti tẹ Jẹ̀lílì láago kó tó kúrò ní Seat Pleasant.

"Ẹ wojú mi!" Ohùn rẹ̀ le. "Ẹ ń ju bàlúùnù sí mi nínú pálọ̀ mi! Ẹ ń gé ẹran fún mi! Kí ló dé tẹ́ ò kúkú so bíìbù ọmọ ọwọ́ mọ́ mi lọ́rùn? Ẹ̀yin lẹ rí mi lára, kì í ṣe géèmù."

"No, Daddy, it's not you!" Wọlé ti ń sáré sọ̀rọ̀. "It's the TV. Àwọn tẹlifíṣàn tuntun yìí, wọ́n máa ń tún picture ṣe kí wọ́n tó gbé e jáde. So tẹ́ ẹ bá tẹ nǹkan, ó máa ń pẹ́ kó tó hàn. Lag ni wọ́n ń pè é. Àwọn machine àtijọ́ ò ní i, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ yín lọ́rùn ní Ìbàdàn. Game Mode la máa kàn tàn, that's all."

"Ṣó o ti rí i báyìí!" Jẹ̀lílì gbé ìrẹsì mì gbìì. "Tẹlifíṣàn ni jàre! Ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀."

"Ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yín wí, Dádì Wọlé," ni Sẹ̀gilọlá gbè é. "Tẹlifíṣàn ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn, ká má purọ́. Ó wọ Olútáyọ̀ lára bí omi gbígbóná ṣe ń wọ ara ẹni tó ti òtútù dé. Tẹlifíṣàn ni. Kò bi ara rẹ̀ ìdí tí ọwọ́ Wọlé kì í fi í pẹ́ lójú tẹlifíṣàn kan náà. Ó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fẹ́ ẹ débi pé ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọlé na ọwọ́ sí rìmóòtù.

Olútáyọ̀ tètè mú un. "Kọ́ mi. Fẹnu kọ́ mi, kémi náà mọ̀ ọ́n ṣe."

"Daddy, I'll do it."

"Mo ní kọ́ mi."

Wọlé wo ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní kó tẹ Settings. Olútáyọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó lọ sí Picture. Ó lọ síbẹ̀. Kò sọ ìyókù mọ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ń wá a sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi dé ibẹ̀. Game Mode. Wọ́n kọ On sí iwájú rẹ̀. Tíntàn ló wà.

"Ọjọ́ tó o gbé e wá lo ti tàn án," ni Olútáyọ̀ wí.

"Yes, sir."

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tilé yìí ò tiẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Olútáyọ̀ fi rìmóòtù sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wà lórí itan. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ra ìka ìlábẹ̀, ó ń rà á jẹ́jẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ọdọọdún ló ń rí ìka tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, lára àwọn tí àrùn ọwọ́ gbígbọ̀n ń bá jà. Ó wa ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tún.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Èmi ni." Sẹ̀gilọlá ti ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ. "Láti ìgbà òtútù. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì yín ló kọ́kọ́ ń pẹ́ lọ́wọ́ yín. Nígbà tó yá, ọwọ́ òsì yín ò fì mọ́ tẹ́ ẹ bá ń rìn."

"Nọ́ọ̀sì bíi tèmi lo jẹ́, Sẹ̀gi. O rí i, o dákẹ́."

"Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kẹ́ ẹ ṣọjọ́ ìbí yín tán ná. Ó kọjá tán, ẹnu mi ò tún gbà á."

"Lọ́la, tílẹ̀ bá mọ́," ni Olútáyọ̀ wí, "màá fa oògùn ìtọ̀ ṣúgà sínú abẹ́rẹ́ fún ìyá kan tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Bí mo bá fà á jù, kò lè sọ fún mi pé ó pọ̀. Ọwọ́ yìí ni màá fi di ìgò oògùn mú. Ẹ mọ̀. Ẹ jókòó síbí, ẹ ń pàtẹ́wọ́."

Èyí ló rí i lára jù lọ. Ọwọ́ lè dalẹ̀ ẹni. Ẹran ara ni. Àwọn wọ̀nyí ni ì bá jẹ́ kó lọ pa ọmọ ọlọ́mọ, nítorí kó má baà fajúro lọ́jọ́ Sunday. Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Olútáyọ̀ ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó fa àga kan síwájú rẹ̀, ó ní kó jókòó, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Yẹ̀ mí wò. Má wò mí bí ọkọ. Ṣe é bó o ṣe máa ń ṣe é fún wọn níbi iṣẹ́."

Sẹ̀gilọlá nu ojú. "Ẹ fi àtàǹpàkò lu ìka ìlábẹ̀. Kíá kíá. Ẹ jẹ́ kó ṣí dáadáa."

Ọ̀tún ṣe é, ó yá gbágbá. Òsì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó lọ́ra, ó ń kéré sí i, ó sì dúró lójú ọ̀nà. Olútáyọ̀ tún un ṣe. Ibì kan náà ló ti dúró.

"Sọ ọ́," ló wí.

"Ó ń lọ́ra," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ti òsì ń lọ́ra gan-an. Ẹ ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ọ̀dọ̀ dókítà la ó lọ."

Ohùn rẹ̀ ò gòkè níparí. Olútáyọ̀ mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Jẹ̀lílì, ó na ọ̀pá géèmù sí i.

"Jókòó. Gbá a bó ṣe yẹ. Bó o bá tún kú fún mi, má wá sílé mi mọ́."

Jẹ̀lílì jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Dùgbẹ̀, ó na Ọwọ́ Iná. Ó nà án kanlẹ̀, ó tún un nà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń yìnbọn. Wọlé dúró sẹ́yìn wọn, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ abíyá. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.