Ẹni Tí Wọ́n Gbà Kó Máa Kọ́kọ́ Rẹ́rìn-ín

Iṣẹ́ pọ̀ láyé, àmọ́ ti Ṣíwájú yàtọ̀: ẹ̀rín ni wọ́n gbà á sí. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà láàárín ìlú tí àwọn àlejò ti máa ń gbafẹ́ nírọ̀lẹ́, aláwàdà kan sì wà níbẹ̀ tó ń dá wọn lára yá. Ṣùgbọ́n àlejò kì í tètè rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ ìlú, ìlú ò mọ̀ wọ́n, kálukú á máa wo ojú ẹnìkejì ẹ̀ bóyá ó yẹ kóun rẹ́rìn-ín àbí kò yẹ. Ìdí nìyẹn tí máníjà fi ra kóòtù kan tó dáa, tó gbé e wọ Ṣíwájú, tó ní kó máa jókòó sáàárín wọn bíi pé òun náà sanwó wọlé. Tí aláwàdà bá ti sọ̀rọ̀ tán, Ṣíwájú ló ń kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Tiẹ̀ á ṣíwájú, tàwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ti wá.

Ìṣòro ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: Ṣíwájú fẹ́ gbéyàwó. Ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ń dirí, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wọ̀, bàbá ọmọ nìkan ló kù. Wọ́dà ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìntì. Wọ́n ní nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ti ṣiṣẹ́, àwọn ẹlẹ́wọ̀n máa ń rẹ́rìn-ín, òun ni kì í rẹ́rìn-ín. Ó sì ti kìlọ̀ fún ọmọ ẹ̀ pé ọkùnrin tí gbogbo nǹkan ń pa lẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí òrùlé bá ń jò lé ìyàwó ẹ̀ lórí. Ni ọmọ bá sọ fún un pé ọ̀gá ni Ṣíwájú ní ẹ̀ka ìtọ́jú àlejò. Irọ́ kọ́. Òótọ́ ni, wọ́n kàn fi aṣọ bò ó ni.

Bàbá wá sílùú láti wo ọkọ ọmọ. Ó ní kí wọ́n má sè, kí wọ́n má rọ̀, ibi iṣẹ́ lòun ti fẹ́ rí ọkùnrin náà. Kí ọmọ tó ráyè pe Ṣíwájú, wọ́n ti wọ gbọ̀ngàn, wọ́n sì ti fún wọn ní tábìlì tó kọjú sí tiẹ̀ gan-an. Ọmọ fi ojú sọ fún Ṣíwájú pé tó bá fi lè rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n, ó ti tán. Máníjà náà dúró lẹ́bàá ògiri, òun náà ń fi ojú sọ tiẹ̀. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Aláwàdà bọ́ sórí pèpéle. Ó ní bàbá kan wà tó máa ń hanrun débi pé àwọn aládùúgbò lọ fẹjọ́ jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó sọ ọ́ tán, ó yíjú sí Ṣíwájú. Ṣíwájú lejú bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú. Àlejò kan ti lanu tẹ́lẹ̀, ó wo Ṣíwájú, ó rọra pa á dé.

Aláwàdà gbé òmíràn, kò dún. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó dà bíi pé ó sọ òkúta sínú òwú. Òógùn ti bo ojú ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀yin èèyàn mi, jẹnẹrétọ̀ yẹn, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ o, bàbá yẹn ni. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n, òun lọ́mọ nílé.

Nígbà yẹn ni ohun kan dún, bí ilẹ̀kùn àhámọ́ tó ti dípẹtà. Gbogbo èèyàn wo ẹ̀yìn. Bàbá ni, ẹ̀rín ló ń rín. Ó di tábìlì mú, omi ń jáde lójú ẹ̀.

“Mo ti rí ẹlẹ́wọ̀n tó ń bẹ adájọ́,” ló ń wí, “mi ò rí aláwàdà tó ń bẹ èèyàn rí.”

Ni gbọ̀ngàn bá gbiná. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí tí àwọn míì fi jábọ́ lórí àga.

Máníjà ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ náà ló ti bọ́ kóòtù lọ́rùn Ṣíwájú, tó gbé e wọ Bàbá. Ó sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ fún un, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Bàbá gbà, ó ní ìjókòó ilé ti sú òun.

Nígbà tí wọ́n jáde síta, ó di Ṣíwájú lọ́wọ́ mú.

“Wọ́n ń sanwó fún ẹ kó o rẹ́rìn-ín, o ò rẹ́rìn-ín. Irú ọkùnrin tí mò ń wá gan-an nìyí.”

Ṣíwájú ti ń dọ̀bálẹ̀ lọ nígbà tí Bàbá fi kún un pé, “Àbùkù ẹ kan ò ju pé o ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Mi ò lè fọ́mọ fún ẹni tí ò níṣẹ́.”

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Bàbá ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án, ó kanlẹ̀kùn Ṣíwájú, ó wọlé, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un níjókòó. Ó ní aláwàdà tún gbé bàbá tó ń hanrun yẹn dé lánàá. Bàbá yẹn náà, jẹnẹrétọ̀ yẹn náà. Ẹ̀rín kọ̀, kò jáde. Máníjà ti ní tí kò bá jáde nírọ̀lẹ́ òní, kóun máa lọ sílé.

“Báwo lèèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sóhun tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀?”

“Ó lọ́nà tá a ń gbà ṣe é, sà,” Ṣíwájú fèsì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. “Àmọ́ iṣẹ́ ìdílé ni, Bàbá. A kì í kọ́ ará ìta. Àna ẹni nìkan là ń kọ́.”

Bàbá fi ojú wọ́dà wò ó, ó wò ó títí. Ló bá fa fóònù yọ, ó pe ọmọ ẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà ti níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, tísà ni. Kó kó àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dání kí wọ́n wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n sì yára, torí ilẹ̀ ò ní pẹ́ ṣú.