Ìlà Létí Gíláàsì

Keziah fi eegun ìka kan gíláàsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́tí. Gíláàsì tó dá ṣáká máa ń dún gbinnn. Èyí dún pọ́, bí ìgbà téèyàn kan pákó. Ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn ọ̀sán Ikosi ti ń wọlé, ó dà á síbí, ó dà á sọ́hùn-ún. Ìgbà náà ló rí ìlà kan, tín-ín-rín bí irun orí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, létí gíláàsì gan-an níbi tí fíìmù, ike tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, parí sí.

Ó kan ìkejì. Pọ́. Ó kan ìkẹta. Pọ́.

"Mo dáràn," ló sọ.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ìlà yẹn. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ogudu ló ní kí wọ́n lẹ fíìmù ààbò mọ́ ọgọ́fà gíláàsì, kí àfọ́kù má baà ṣe àwọn ọmọ léṣe. Ọ̀gá Abdulrauf tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń ṣe tirẹ̀: á wọ́n omi ọṣẹ sí i, á tẹ́ fíìmù lé e, á fi rọ́bà ti omi jáde, á fi abẹ gé etí rẹ̀. Keziah ní ìyẹn á pẹ́ jù. Ó to mẹ́fà mẹ́fà sórí tábìlì gígùn, ó fa fíìmù kan ṣoṣo bo gbogbo wọn, ó wá ń gé e láàárín gíláàsì kan sí èkejì. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún un. "Ẹ́ńjíníà Keziah!" Orí rẹ̀ wú.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà. Fíìmù ààbò nípọn, kì í ṣe bíi ti ọkọ̀, abẹ sì ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí abẹ tán lánàá, ó mú dáyámọ́ńdì tí wọ́n fi ń gé gíláàsì. Ohun tí dáyámọ́ńdì bá fàlà sí lára, kí ó kán ló kù. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìkánjú ò jẹ́ kó rántí, omi ọṣẹ ò sì jẹ́ kí ìlà hàn. Mẹ́ta péré ló kù nínú iṣẹ́ àná. Débọ́lá, tó ń bá wọn de gíláàsì mọ́ fèrèsé, ti kó ìyókù lọ láàárọ̀.

Ó pe fóònù Débọ́lá lẹ́ẹ̀mẹrin, kò wọlé.

"Kí ló ń dà ẹ́ láàmú báyìí?" Ọ̀gá béèrè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ sáré dé Ogudu."

"Ṣé wọ́n ní iṣẹ́ wa ò dáa ni?"

Keziah rántí Bámi, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bámi ba iṣẹ́ jẹ́ ni Ọ̀gá lé e, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù gíláàsì kankan ní Ketu tó tún gbà á. "Rárá sà. Mo kàn fẹ́ lọ wò ó ni."

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ń rò ó. Bí etí tí férémù dì mú bá já, fíìmù ò ní jẹ́ kí gíláàsì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Odindi rẹ̀ ló máa já lulẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, fèrèsé méjìdínlógún ti wà ní ìdúró. Férémù ti bo gbogbo ìlà náà pátápátá. Àwọn ọmọ ń sùn lórí ẹní nísàlẹ̀ wọn.

"Aunty Keziah, ẹ kú iṣẹ́ o!" Aunty Vivian, ọ̀gá ilé ìwé náà, ń rẹ́rìn-ín. "Ó fine gan-an. Ọkàn wa ti wá balẹ̀ báyìí."

Keziah fa Débọ́lá sí kọ̀rọ̀. "Dáyámọ́ńdì ni mo fi gé wọn."

Débọ́lá wẹ̀yìn wò. "Ta ló tún mọ̀?"

"Ìwọ nìkan."

"Ó dáa, gbọ́. Férémù ti bò ó. Ta ló máa rí i? Rántí Bámi o! Ó sì lè má já láéláé."

"Ó lè má já," Keziah náà sọ. Ó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ó wo ọmọ tó wà lábẹ́ fèrèsé àkọ́kọ́. Ọmọ náà ń mu àtàǹpàkò lójú oorun, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́sẹ̀.

"Aunty Vivian, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ṣáà kọ́kọ́ kó wọn, ma. Màá ṣàlàyé."

Nígbà tí wọ́n kó wọn tán, Keziah bọ́ síta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíláàsì àkọ́kọ́, kò le ju bí ọmọdé ṣe máa tì í lọ. Ó dún tà! Odindi rẹ̀ já sínú yàrá, ó balẹ̀ gbì sórí ẹní tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àfọ́kù kan ò ta dànù. Fíìmù náà lẹ̀ dáadáa.

Aunty Vivian kígbe, ó gbá ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ àyà. Débọ́lá ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n padà síbẹ̀," Keziah sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣi nọ́ńbà tẹ̀ kó tó rí Ọ̀gá pè.

"Ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́ sà. Gíláàsì Ogudu ti já. Èmi ni mo ṣe é."