Ògiri Tó Ń Mí

Ògiri yẹn lóun ò gba sìmẹ́ńtì, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Arẹ́lé rẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ló ya lulẹ̀ gbìì kílẹ̀ tó mọ́. Arẹ́lé kẹ̀! Obìnrin tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára débi pé gbogbo èèyàn ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ilé àtijọ́ kan láàárín àdúgbò tó dàgbà jù nílùú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ti àwọn ẹrú mọ́ nígbà kan kí wọ́n tó tà wọ́n. Wọ́n wá fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, káwọn èèyàn lè máa rántí wọn. Ìdílé Arẹ́lé ló rẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé àdúgbò náà, láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ni ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá lóun máa gbẹ́ orúkọ wọn sára òkúta lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Arẹ́lé gbọ́, inú arúgbó dùn dé ẹ̀yìn. Aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà ti wà lórí ìkọ́.

Ilẹ̀ lomi ti máa ń gun ògiri, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti eléyìí yàtọ̀. Ìsàlẹ̀ gbẹ, òkè gbẹ, àfi ibi tí ẹnu èèyàn máa dé tó bá dúró ló rin gbindin. Arẹ́lé gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó yáa fa ọwọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀rù ò bà mí o,” ló wí fún yàrá tó ṣófo. Irọ́ ni, ẹ̀rù bà á gan-an.

Ó mú òòlù, ó ní òun máa ha gbogbo ti àtijọ́ kúrò kí tuntun lè ríbi dì mú. Lẹ́yìn ibi tó rin yẹn ló ti bá ihò afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n fi bíríkì dí pa. Àmì kan wà lára amọ̀ tí wọ́n fi dí i, ní igun ìsàlẹ̀: àtàǹpàkò méjì, èékánná fa ìlà sáàárín wọn. Arẹ́lé jókòó sílẹ̀ gbàà. Àmì ìdílé wọn ni. Ẹni tó bá parí ògiri nínú wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ, níbi tójú ẹlòmíì ò ní tètè dé. Ó ti àtàǹpàkò tiẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Ó délé, ó bi bàbá rẹ̀ pé, “Ta ló dí ihò afẹ́fẹ́ ilé ẹrú yẹn?”

Ẹ̀rín kú lójú arúgbó. “Baba ńlá mi ni. Wọ́n ní igbe àwọn tó wà níbẹ̀ ò jẹ́ kí àdúgbò sùn, pé kó bá àwọn dí i.”

“Igbe náà wá ńkọ́?”

“Ó dáwọ́ dúró.”

Arẹ́lé wo àtàǹpàkò ara rẹ̀.

“Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, fi pákó bò ó. Jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ wa kí n tó kú.”

Arẹ́lé padà sídìí ihò náà. Ó kan pákó mọ́ ọn, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó sì kórìíra ara rẹ̀ bó ṣe ń kùn ún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé, yàrá náà kún fọ́fọ́. Wọ́n fi bàbá sórí àga níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sí pákó náà. Ọ̀gá ka orúkọ ìdílé wọn ketekete, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, bàbá rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe fọwọ́ di àyà mú.

“Ọmọ mi, ṣí fèrèsé fún mi.”

“Bàbá, gbogbo fèrèsé ló wà ní ṣíṣí.”

“Ṣí i!” Ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé, èémí ò wọlé.

Arẹ́lé wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Pákó ti rin. Ọ̀dà funfun ń ṣàn wálẹ̀ láti ibi tí ẹnu èèyàn máa dé. Ó sáré lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tó tọ́jú àpò iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó fa òòlù yọ, ó sì já pákó náà dànù.

“Kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ṣé ẹ fẹ́ bá wa ba ilé jẹ́ ni?” ọ̀gá pariwo.

“Àwa la dí i!” Ojú ń ti Arẹ́lé, àmọ́ kò dúró. “Wọ́n ń kígbe, ìdílé wa dí afẹ́fẹ́ mọ́ wọn!”

Ó fi òòlù gbá bíríkì tó dí ihò náà, ó sì jábọ́ síta. Afẹ́fẹ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gùn, kì í sì í ṣe pé ó ń wọlé o. Ó ń jáde lọ ni. Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Ìgbà tó tán ni bàbá tó mí kanlẹ̀. Ó ń sunkún.

“Ẹ gbé òkúta yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà,” ló wí fún ọ̀gá. “Abẹ́ ihò yìí ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí gbogbo èèyàn lè mọ ẹni tó dí i.”